Ọwọ́ Tó Kan Oyin: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Lucy Olúfúnkẹ́ Akínbọ́lá (1930–1998)

Ilé Babárìndé ní Ìjerò-Èkìtì ni a ti bí Lucy Olúfúnkẹ́, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1930. Baba wọn, Olóògbé Ezekiel Babárìndé, jẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó, àwọn náà ni wọ́n sì ń lu agogo ìjọ. Ìyá wọn, Olóògbé Dorcas Babárìndé, jẹ́ ahunṣọ tí aṣọ rẹ̀ kì í pẹ́ lọ́jà. Màmá ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́fà tí àwọn méjèèjì bí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Màmá jẹ́, àfi kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú ìyá wọn rí. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú wọ ilẹ̀ wa, ọ̀dọ́mọbìnrin ni Dorcas. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ní ẹni àkọ́kọ́ sín láàárọ̀, àwọn ará ilé kí i pé kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ keje, wọn ò rí ẹni tí ara rẹ̀ le tó láti gbẹ́ sàréè. Ìtàn yìí ni ìyá wọn ń sọ fún wọn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń gbọ́ àlọ́. Ẹ̀rù ọ̀fìnkìn ba Màmá láti kékeré, kò sì fi wọ́n sílẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1937, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ ní Ìjerò. Wọ́n mọ̀wé, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni mu omi nínú ife wọn. Ní ọdún 1949, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọ kan ní agbègbè Iléṣà, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí ní ọdún 1953.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá ọdún 1954, wọ́n ṣe ìgbéyàwó mímọ́ pẹ̀lú Olóògbé Julius Akínbọ́lá, olùkọ́ ọmọ bíbí Ìkàrẹ́. Akínlẹ́yẹ, àkọ́bí wọn, dé ní ọdún 1956. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ọ̀fìnkìn líle tún gba gbogbo ìlú. Ara Akínlẹ́yẹ gbóná ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọjọ́rú ni wọ́n sin ín. Màmá kò fìgbà kan sọ̀rọ̀ ọmọ yìí fún wa. Ẹnu Bàbá la ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àwa tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ bá sín lẹ́ẹ̀mejì, Màmá á ti dé pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́ wọn lórí ọrùn ẹni náà, wọ́n á máa mí sókè sódò bí ẹni sáré wá láti òkè odò. Báyọ̀dé, Tòún àti Kọ́lápọ̀ ni orúkọ àwa mẹ́ta tí a dúró.

Ní ọdún 1968, iṣẹ́ gbé Bàbá wá sí Èkó. Ní ọdún 1979, a kó wá sí Ẹgàn, ní ìtòsí Ìgàndó, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ là kọjá. Màmá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní apá Ìkòtún, wọ́n ń fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 1990. Àwọn géńdé tó ń lọ lójú títì lónìí, apá ni Màmá fi ń dá púpọ̀ nínú wọn mọ̀. Wọ́n á ká apá aṣọ ẹni náà sókè, wọ́n á wo ojú àpá abẹ́rẹ́, wọ́n á ní, "Ọwọ́ mi nìyí."

Nínú ìgbàgbọ́, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Màmá tọkàntọkàn, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Ìyá sílẹ̀ nínú ìjọ wa ní Ìgàndó sì ni wọ́n. Gbogbo ìjọ ló mọ ìwà wọn. Bí ọyẹ́ bá ti dé, Màmá kì í bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́ títí oṣù Kejì yóò fi parí. Wọ́n á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n á tẹrí ba. Lọ́jọ́ ìdàpọ̀ mímọ́, wọ́n máa ń yára dé iwájú kí ẹnu ẹlòmíràn tó kan ife. Àlùfáà wa mọ̀, wọn a máa fi ẹ̀rín dúró dè wọ́n. "Ìyá Bo-Ẹnu-Ẹ" ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wúkọ́ nìyẹn, ìbáà jẹ́ ọba. Bàbá a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó òun yóò bẹ Ọlọ́run lọ́run kí àwọn áńgẹ́lì fọwọ́ kí wọ́n tó fọn fèrè. Bàbá papòdà ní ọdún 1989.

Ibi tó kàn báyìí ni Màmá ní kí a má fò.

Ní ọdún 1988, Kọ́lápọ̀ fẹ́ Adébùnmí, ọmọ Alhaja Olúfúnmiláyọ̀ Múrítàlá ti Abúlé Ẹ̀gbá. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń wá ọmọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ọdún 1994, Ọlọ́run dáhùn, Adébùnmí bí ọmọkùnrin.

Ọyẹ́ ọdún yẹn gbé ọ̀fìnkìn burúkú wọ Ẹgàn. Kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń fọn lọ síbi iṣẹ́. Ó ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Àgbàlagbà méjì ti kú lójú pópó wa kí ọmọ náà tó pé ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀rù bà wá. Màmá ní kí a sún ìsọmọlórúkọ síwájú. Ẹbí kọ̀, wọ́n ní ọjọ́ kẹjọ kì í yẹ̀. Màmá wá gbé òfin kalẹ̀: ènìyàn méjìlá péré, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá kó jókòó sílé rẹ̀, ọṣẹ àti omi lẹ́nu ọ̀nà, a kò gbọdọ̀ máa gbé ọmọ lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára páálí, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Màmá jí, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn wọ́n, ara wọn sì gbóná. Nọ́ọ̀sì ọdún mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n. Wọ́n mọ ohun tí ó jẹ́. Wọ́n gbé oògùn méjì mì, wọ́n fi róòbù pa ihò imú, wọ́n wé gèlè, wọ́n sì jáde.

Kí ló dé? Nínú ilé wa, àgbà obìnrin ìdílé bàbá ọmọ ni í kọ́kọ́ tọ́ oyin wò. Ìka tí ó fi tọ́ ọ wò náà ni yóò fi kan ètè ọmọ, kí adùn tí àgbà ti jẹ láyé lè ran ọmọ. Bí Màmá bá ní ara àwọn kò yá, oyin náà yóò bọ́ sí ọwọ́ Alhaja, ìyá ìyàwó. Ọdún mẹ́fà ni Màmá fi dúró de ọjọ́ náà. Wọn kò lè gbé e sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa nìyẹn, a kò fi kún un, a kò sì yọ níbẹ̀.

Alhaja ní tiwọn wúkọ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Ikọ́ eruku ni. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí ọyẹ́ ti ń fà á fún wọn. Wọ́n fi ìborùn bo imú àti ẹnu, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn kò sì fọwọ́ kan ọmọ títí a fi túká. Gbogbo wa rí i. Màmá ki ìka bọ inú oyin, wọ́n lá a, wọ́n sì fi kan ètè ọmọ. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọmọ́tọ́ṣọ́. A ṣe àmín.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, Ọmọ́tọ́ṣọ́ kò mu ọmú mọ́. Èémí rẹ̀ ń yára, ihà rẹ̀ ń wọlé ń jáde. Dókítà ní ọ̀fìnkìn ti sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó ti di òtútù àyà. Wọ́n fi páìpù sí i nímú. Orí ìjókòó pákó ilé ìwòsàn kan ní Ìkẹjà ni a fi ọjọ́ mọ́kànlá jókòó sí. Bí nọ́ọ̀sì bá ti yára rìn kọjá, Adébùnmí á ti dìde dúró. Kọ́lápọ̀ kò lè jẹun. Màmá kò jókòó rárá. Ojú gíláàsì ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń ka iye ìgbà tí ọmọ náà mí.

Ọjọ́ kejì tí a débẹ̀ ni Alhaja dé pẹ̀lú oúnjẹ nínú kúlà. Kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Tòún ló sọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin lẹ kó ikọ́ wá, Alhaja. Ṣé ẹ ò rí ohun tí Màmá kọ sára ilẹ̀kùn ni? Àbí ẹ ò lè kà á?" Alhaja wo Màmá. Màmá ń wo ojú gíláàsì. Wọn kò yíjú padà. Alhaja gbé kúlà wọn, wọ́n lọ.

Ọlọ́run kò mú Ọmọ́tọ́ṣọ́ lọ. Ní ọjọ́ kejìlá, ó sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń jó ní kọ̀rídọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà la ti fi Alhaja sẹ́yìn. Bí wọ́n bá wá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni à ń gbé àga sí fún wọn. Adébùnmí á gbé ọmọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kí ìyá rẹ̀ lè rí i. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Alhaja kò fi gbé ọmọ tí ọmọ wọn bí.

Nínú iṣẹ́ ìlú, ọdún mẹ́ta yẹn ni Màmá ṣiṣẹ́ jù láyé wọn. Dókítà kan ní Ìkẹjà ló ń bá wọn wá abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn tó ń wá láti òkè òkun. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995, wọ́n gbé e wá sí Ẹgàn nínú fíláàsì tí wọ́n to yìnyín sí. Wọ́n ń ti ilé dé ilé ṣàlàyé: ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò lè gba abẹ́rẹ́ náà, nítorí náà àgbà tí yóò gbé e ni kó gbà á, ọdọọdún ni a sì ń gbà á, nítorí àrùn náà a máa pààrọ̀ ìwà. Àwọn ènìyàn sá. Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí obìnrin bímọ mọ́ ni. Àwọn kan ní òun gan-an ló ń kó ọ̀fìnkìn ranni. Ènìyàn mẹ́rìnlá péré ló gbà á lọ́dún yẹn.

Ẹni tó tún un ṣe ni Alhaji Yésúfù, alága ẹgbẹ́ àwọn onílé. Ní ìpàdé oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, wọ́n dìde, wọ́n ká apá agbádá sókè, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ gún mi níbí, kí gbogbo wọn rí i. Bí mo bá kú, ẹ ṣáà mọ ibi tí ilé mi wà." Apá dùn wọ́n fún ọjọ́ méjì, ara wọn sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn ìyàwó wọn ti ń sunkún. Ní ọjọ́ kẹta, Alhaji gun kẹ̀kẹ́ wọn kọjá lójú pópó, wọ́n ń lu aago rẹ̀ lójú ilé gbogbo ẹni tó sọ pé wọ́n máa kú. Ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta ló gbà á ní ọdún náà. Ní ọdún 1997, iye wọn lé ní ọgọ́rùn-ún, kò sì sí òkú ọ̀fìnkìn kan lójú pópó wa nínú ọyẹ́ méjèèjì. Ẹgbẹ́ àwọn onílé fún Màmá ní ìwé ìyìn. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ sínú àpótí.

Ohun kan wà tí kò yé wa nígbà náà. Lọ́dọọdún, kí Màmá tó gún ẹnikẹ́ni ní Ẹgàn, wọ́n á kọ́kọ́ gbé fíláàsì lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n á gún Alhaja. A rò pé ìṣọ́ra ni, kí Alhaja má tún kó ikọ́ wá. Màmá sọ fún wa nígbẹ̀yìn pé láti jẹ́wọ́ ni àwọn ṣe lọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé abẹ́rẹ́ ń wọlé ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Alhaja á na apá, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1997, àìsàn ọkàn dá Màmá dùbúlẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, wọ́n pe àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ní kí a ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Èmi ni. Ọ̀fìnkìn ti mú mi kí n tó fọwọ́ kan oyin. Mo mọ̀, mo sì ṣe é. Ẹ̀yin ń bá Alhaja wí, mo ń gbọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, ẹ ò ní jẹ́ kí n gbé ọmọ náà mọ́." Wọ́n ní lúkúlúkú kò bà wọ́n lẹ́rù tó ojú wa. Wọ́n ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú àwọn, kí gbogbo ẹni tó gbọ́ pé Alhaja ni kó gbọ́ pé Alhaja kọ́.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1998, Màmá sùn, wọn kò jí.

A kò fẹ́ tan yín: a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Báyọ̀dé ní ìwé ìsìnkú kì í ṣe ibi tí a ti ń tú àṣírí òkú. Àwọn àgbà ẹbí ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì, pé kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá kan náà ló máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ titun wọ́. Tòún, tí ó sọ̀rọ̀ nílé ìwòsàn, ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé yìí lórúkọ ẹbí.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, a dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀. Alhaja gbọ́ wa tán, wọ́n ní: "Mo mọ̀ jàre. Mo gbọ́ ohùn wọn lọ́jọ́ yẹn bí mo ṣe wọlé, ẹ̀yin lẹ ò ṣáà fetí sí i. Ohùn Màmá ti há. Mo mọ̀." A bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi sọ ọ́. Wọ́n ní, "Ta ló máa gbà mí gbọ́? Ọmọ mi ló ń gbé nínú ilé yín. Bí mo bá pe ìyá ọkọ ẹ̀ lẹ́jọ́, ta ni ilé máa gbóná fún?" Títí di ìsinsìnyí, ẹ̀rù ń bà wá bí a bá rántí bí ó ti rọrùn fún wa tó láti dá wọn lẹ́bi.

Ọmọ mẹ́ta ló gbẹ̀yìn Màmá: Báyọ̀dé, Tòún àti Kọ́lápọ̀, pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọkọ wọn. Ọmọ-ọmọ méje ni wọ́n fi sáyé, Ọmọ́tọ́ṣọ́, tó pé ọdún mẹ́ta lóṣù tó kọjá, ló kéré jù. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kan ṣì wà ní Ìjerò. Wọ́n sì fi àna kan sílẹ̀, Alhaja Olúfúnmiláyọ̀ Múrítàlá, ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ọ̀rọ̀ kan tí wọn kò lè san fúnra wọn.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ọyẹ́ wà níta, ọ̀fìnkìn sì tún ti bẹ̀rẹ̀ ní apá Ìjẹ̀gùn. A mọ̀ pé ìfẹ́ ló kó yín wá, ẹ̀rù yín sì ń bà wá. Ẹ má bínú pé a kò bọ̀ yín lọ́wọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ ọlọ́mọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú tó wà nínú pípa á mọ́ la ń kà fún yín lónìí.

Alhaja, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde níbi tí ẹ jókòó sí lẹ́yìn, kí ẹ máa bọ̀ níwájú. Bí a bá ka ìwé yìí tán, Adébùnmí yóò gbé Ọmọ́tọ́ṣọ́ wá bá yín lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yin ni kí ẹ gbé e tẹ̀lé òkú dé ẹnu ibojì. Ọmọ náà kò mọ̀ yín dáadáa, àwa la fà á. Ó ṣeé ṣe kó sunkún. Ẹ má gbé e sílẹ̀.

Màmá, a ti kọ ọ́, a sì ti kà á. Kí Ọlọ́run tó dárí ji aláìlera tẹ́wọ́ gbà yín. Ẹ sùn re o.